Barnabé àti Èédú Tí A Kì Í Fi Dáná

Gbogbo ìlú wa, Kpankou, ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí ìyá ìyàwó Barnabé fi asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sun àgbàdo. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, igi tutù, èédú ilé sì ti tán. Ìyá Àgbà Philomène, tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Adakplamè, yọjú sí yàrá, ó rí àpótí pákó kan lójú fèrèsé, èédú gbígbẹ kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ta ló ń kó èédú sójú fèrèsé? Ìyá tú u sínú ìkòkò iná, ó fẹ́ ẹ, ó to àgbàdo lé e lórí.

Ibẹ̀ ni Barnabé bá a. Ẹ sì mọ̀ pé ìyá ìyàwó ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń jágbe mọ́. Bí ọkùnrin bá ti rí i, ilẹ̀ ló ń lọ. Barnabé lọ ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, àmọ́ kò dìde mọ́. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó ń bínú.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ dé, mà? Èédú tí ẹ fi dáná yẹn, mà, oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Èèpo àgbọn ni mo sun. Mo gún un, mo sẹ́ ẹ, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mà!"

"Dìde, ọmọ mi."

"N kò tíì parí, mà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ èédú ní Faransé, kò sẹ́ni tó fi í sun nǹkan kan rí, mà!"

"Mo ní kí o dìde. Àgbàdo ń jó."

Ó dìde. Wọ́n ní odidi mẹ́fà ló jẹ. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó ní èédú náà dára, kò rú èéfín rárá, òun kúkú mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò lábùkù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpótí yẹn kì í ṣe eré o. Léontine ìyàwó rẹ̀, tó kọ́ ọmọ wa níléèwé títí ó fi fẹ̀yìntì, ní ikọ́ fée. Ìlú eléèdú sì ni tiwa. Bí ọyẹ́ bá dé, tí Séidou àti àwọn eléèdú ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sun igi lẹ́yìn ilé, èéfín á wọlé, àyà Léontine á há, a ó máa gbọ́ ọ láti ìta bó ṣe ń fa èémí bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi alùpùpù gbé e dé ilé ìwòsàn ní Kétou. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí Barnabé ti òkè òkun dé, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù tó ń bà á láyé: pé èémí ìyàwó rẹ̀ lè lọ lọ́jọ́ kan kó má padà.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì gbé dìde: ó kan àpótí èédú sójú fèrèsé yàrá, ó fi fáànù sí i, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú èédú kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nílé iṣẹ́ ńlá kan létí odò ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́mù ṣe iná mànàmáná, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ èédú wò. Àpótí èédú ni wọ́n tò dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ilé náà ń gbà jáde. Bí ohun olóró bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́, èédú ni yóò gbé e mì kó tó dé ìta. Nígbà tó kọ̀wé nípa ìyẹn sílé, baba rẹ̀ sunkún. Ó ní, "Ṣé èédú Kpankou kò tó o ni, tí o fi wọ ọkọ̀ òfuurufú?"

Séidou eléèdú kò jẹ́ kó sinmi lórí ẹ̀.

"Barnabé, kí ni wọ́n ń fi èédú yẹn sè?"

"Wọn kì í fi í sè nǹkan kan."

"Wọ́n ń tà á?"

"Rárá o."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń dúró de olóró."

"Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀melòó ni olóró wá?"

"Kò wá rí, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run."

Háà! Séidou fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun náà fẹ́ irú iṣẹ́ yẹn, kí òun máa ṣọ́ àlejò tí kò ní í dé. Barnabé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn gan-an niṣẹ́ náà, Séidou," ó sì mu omi rẹ̀.

Olórí líle ni, ká má purọ́. Èédú rẹ̀ kò fẹ́ òórùn ọ̀dà, kò fẹ́ lọ́fínńdà, kò fẹ́ oògùn ẹ̀fọn, nítorí bó bá ti fa ìwọ̀nyí yó, kò ní í rí àyè fa èéfín mọ́. Latifou, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wá kí wọn nígbà ọdún, ó ti ta lọ́fínńdà sára. Abẹ́ igi ọsàn ló ti jẹun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ilé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ fún Àjíǹde, Barnabé sáré jáde pẹ̀lú ìwé àti bíírò.

"Wákàtí mélòó lẹ máa fi kùn ún? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹ buwọ́ lù ú."

Fidèle, tó jẹ́ katikíìsì, ní, "Barnabé, ilé Ọlọ́run là ń kùn!"

"Ẹ bá mi kí Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ jẹ́ n lọ pa fáànù mi ná."

Bí Sátidé bá ti mọ́, tó bá ti mu ẹ̀kọ tán, á wọ ìbọ̀wọ́, á gbé tọ́ọ̀ṣì láti yẹ asẹ́ náà wò, á pe Léontine. "Ìyá Gloria, wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí o lè mọ̀ ọ́n."

"N kò wá."

"Olùkọ́ tí kò fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́! Kí ló dé?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí lẹ̀yin máa wá ṣe láyé?"

Léontine á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á máa ṣa ẹ̀wà. Ọdún méje gbáko, Sátidé kan kò yẹ̀. Àwa rò pé agídí ni. Fidèle nìkan ni Léontine sọ òótọ́ fún. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n, ó lè rò pé òun ti lè máa lọ."

A fi Barnabé ṣe yẹ̀yẹ́, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Títí di òní, bí Sátidé bá mọ́, mo máa ń wo ọ̀nà ilé wọn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, n kò ní í fi bò.

Àìsàn ọkàn ló gbé e dé ilé ìwòsàn, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Dókítà bi í pé, "Bàbá, ibo ló ń dùn yín?"

"Sátidé ni. Méjì ti kọjá, kò sẹ́ni tó yẹ asẹ́ wò."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀. Èmi àti Séidou wà níbẹ̀. Kò jẹun, kò sùn, ojú fèrèsé ló ń wò, ó ń wo bí eruku ṣe ń lọ. Léontine bá jókòó sí etí ibùsùn, ó gbé ọwọ́ lé itan bí ọmọ iléèwé.

"Bàbá Gloria, ẹ fetí sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ pa fáànù. Mo yọ aṣọ tó ń gba eruku, mo fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo ti àwọn fèrèsé tó kù kí yàrá ṣú, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn àpótí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà etí rẹ̀ ti là nìyẹn. Ó là lápá òsì. Mo pààrọ̀ rẹ̀."

Barnabé gbé orí sókè. "Ìwọ?"

"Èmi ni. Sátidé méjèèjì."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀wà ni mo ń ṣà fún ọdún méje?"

Séidou yíjú sí ògiri, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Léontine ń bá tirẹ̀ lọ. "Mo gbọn àpótí díẹ̀díẹ̀, nítorí èédú máa ń sọ̀ kalẹ̀, àlàfo á sì ṣí lókè tí èéfín á gbà kọjá." Ó dákẹ́.

Barnabé kò lè gbà á mọ́ra. Nínú àìsàn náà, ó nàka sókè. "Wò ó, o ti gbàgbé! Kí lo máa ṣe sí àlàfo?"

"N kò gbàgbé. Mo máa bu èédú kún un. Mo ń mí ni."

Barnabé rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó dẹ etí sí i. Èémí náà wọlé, ó jáde, kò há níbì kankan.

"Mí, ìyàwó mi," ó ní. "Mí dáadáa. N kò kánjú."