Ehoro Tí Mo Yàn, Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Yangàn

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Òbó-Ilé, tí ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó yàrá òkè ilé ehoro bàbá mi, èmi ni mo ń já yúnyun fún wọn láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí bí ewé náà ṣe ń ha ọwọ́. Ẹgba mẹ́ta ni wọ́n nà mí lọ́jọ́ tí mo fún wọn ní èyí tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, nítorí ewé tútù a máa mú inú ehoro wú. N kò dán an wò mọ́.

Tíṣà ni bàbá mi. Abo ehoro méjì ni ó ní, ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan funfun báláú, òun ni ó gba rìbọ́ọ̀nù pupa níbi ìdíje ẹran ọ̀sìn ní Araròmí-Ọ̀pin, a sì ń pè é ní Olóyè. Èkejì rí bí eérú, etí rẹ̀ kan ya; Eléérú ni a ń pè é. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń wọlé, tí koríko yóò wọ́n, Bàbá ní abo kan ṣoṣo ni òun yóò dá sí láti máa bímọ. Ìkejì yóò di ọbẹ̀ Kérésìmesì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Délé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ní Olóyè ni kí a dá sí. Mo ní Eléérú ni, nítorí ìṣojú mi ni wọ́n ṣe bí àkọ́bí wọn. Eléérú fi ẹnu tu irun àyà ara rẹ̀, ó fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ. Mẹ́fà ni ó tọ́ dàgbà. Orí pákó lásán ni Olóyè bí sí, ọ̀kan péré ni ó yè.

"Àkọ́bí kọ́ ni a fi ń mọ ìyá," ni Délé wí. "Adájọ́ tí ó kàwé ló fún un ní rìbọ́ọ̀nù. Ìwọ tí o kò tíì lè dá gèlè wé, kí ni o mọ̀?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi, ṣé adájọ́ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bímọ?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì tún bí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ, bí Eléérú bá dójú tì ọ́, o ó kúrò nídìí ehoro, o ó padà sídìí ààrò."

Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ni àwọn méjèèjì bí. Ibùsùn Eléérú gbóná bí òwú tí a sá sóòrùn, ọmọ méje ń yí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Olóyè ti gan sórí pákó. Délé ní èmi ni mo kó irun ibùsùn rẹ̀ dànù. Bàbá na ọwọ́ wọ inú ilé ehoro. Ó gbé Olóyè, ó yí ikùn rẹ̀ sókè, ó fi ìka tú àyà rẹ̀ wò. Irun pé síbẹ̀, kò sí ibi tí ẹnu kàn.

"Ọmọbìnrin yìí mọ ẹran," ni ó wí. Títí ó fi kú, n kò gbọ́ ìyìn tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. A fi Olóyè ṣe Kérésìmesì. Délé gan-an ni ó jẹ itan rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ Eléérú kún ilé àwọn tíṣà láti Òbó dé Ọ̀sì. Níbi ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Délé, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun ni òun yan ehoro tí ó sọ ilé wa di olókìkí. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, mò ń jẹ ìrẹsì. N kò fẹ́ bá arúgbó jà níwájú àwọn àna rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé kọ.

Láyé ìgbà náà, a máa ń dúró de ìbí kejì kí a tó sọ pé ẹran dára. Lóde òní, fóònù ni wọ́n fi ń yan ẹran. Àwọn ọmọ ẹbí a fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi láti Ìlọrin: "Mọ́mì, ẹ wo bí ó ṣe funfun, ṣé kí a rà á?" Màá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà. Wọn kì í mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ehoro náà bá ti gan mọ́ wọn lọ́wọ́ tán, wọ́n á wọkọ̀ wá bá mi, wọ́n á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí ilé ehoro, wọ́n á ní kí n bá àwọn yàn. Àkọ́bí Délé wà lára wọn.