Wọ́n Ní Kí Á Fi Ọmọ Wa Sílẹ̀ Nítorí Iṣẹ́ Olúwa

Ẹja àrọ̀ tí mo sè ni Àlùfáà Òyìnbó ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ó sọ fún wa pé òun yóò mú Débórà, àkọ́bí wa, lọ sí òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí ilé míṣọ́n wà. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń tọrọ nǹkan. Ó yọ egungun kúrò lẹ́nu, ó gbé e sí etí àwo, ó ní, "Jòsáyà, àwọn ọmọ rẹ ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá dàgbà sórí omi báyìí kò ní yàtọ̀ sí ọmọ kèfèrí. Kí èyí àgbà bá mi lọ. Yóò máa lọ sí ilé ìwé wa níbẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Èmi tí mo bí ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbé omi ìfọwọ́ dání. Kò sí ẹni tí ó wo ojú mi nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe ní Ugbonla nígbà náà, nítorí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbọ́ "katikíìsì", wọ́n rò pé ẹni tí ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi lásán ni. Katikíìsì ni àlùfáà ibi tí kò sí àlùfáà. Òun ni ń wàásù, òun ni ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, òun ni ń sìnkú, òun ni ń parí ìjà tọkọtaya. Òun kan náà ni tíṣà. Ugbonla ni ilé wa, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní láti máa tukọ̀ lọ sí Molutehin àti àwọn abúlé kéékèèké tó wà lẹ́bàá odò, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó padà. Bí ó bá ti lọ, ta ni ẹ rò pé ó ń lu agogo? Ta ni ń kọ́ àwọn ọmọ ní A, B, D? Ta ni wọ́n ń wá jí bí obìnrin bá ń rọbí? Èmi ni. Síbẹ̀ míṣọ́n kò kà mí mọ́ òṣìṣẹ́. "Ìyàwó katikíìsì" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi dá mi lọ́lá.

Ìlú Oǹdó ni wọ́n ti tọ́ mi. Kí n tó dé etí òkun, omi inú ìkòkò ni omi tí mo mọ̀. Ilé tí wọ́n fún wa dúró lórí òpó nínú omi, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, ewé ògùrọ̀ ni òrùlé rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí n fúnra mi tukọ̀ lọ kí àwọn ọmọ ìjọ, mo ń fi àjẹ̀ gbá omi kíkankíkan, ọkọ̀ sì ń pòòyì lójú kan. Àwọn obìnrin jáde síwájú ilé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Sàfú, obìnrin Mùsùlùmí kan tí ń ta ẹja gbígbẹ, ni ó tukọ̀ tirẹ̀ wá, tí ó di etí ọkọ̀ mi mú.

Ó ní, "Ìye Tíṣà, ẹ má bá omi jà. Ẹ jẹ́ kó gbé yín."

"Ìye" ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ mi lára. Ìyá Sàfú sì di ọ̀rẹ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, tí èmi náà kò sì yọ ọ́ lẹ́nu.

Kíkọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá ti sá ẹja tán lọ́sàn-án, wọn a wá jókòó sórí pákó iwájú ilé wa. Lọ́jọ́ kan, mo ń sọ ìtàn ìkún omi ayé àtijọ́ fún wọn, bí ọkọ̀ ńlá kan ṣe gba ènìyàn àti ẹranko là.

Obìnrin kan ní, "Ìye Tíṣà, ta ló ń tu ọkọ̀ náà?"

Mo ní kò sí ẹni tí ń tù ú. Gbogbo wọn wo ara wọn.

Òmíràn ní, "Abájọ tí wọ́n fi pẹ́ lórí omi."

Ẹ̀rín pa mí títí mo fi gbàgbé ibi tí mo bá ẹ̀kọ́ dé.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ń tọ́ láàrin gbogbo èyí. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, a ó fi okùn so ó mọ́ òpó ilé kí ó má baà já sómi. Bí mo bá ń kọ́ni, mo máa ń so etí okùn náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Bí ó bá ti fà mí, mo mọ̀ pé ọmọ ti dé etí pákó. Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ Olúwa tí a sì ń tọ́ ọmọ nìyẹn. Àwọn ọmọ mi mọ orin ìsìn, wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì mọ odò wẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. "Ọma" ni wọ́n ń pe ọmọ. Ìyẹn ni Àlùfáà Òyìnbó gbọ́ tí ó fi ní wọ́n ti ń di kèfèrí, òun tí ó ti pẹ́ láàrin wa tí kò tíì lè pe orúkọ ìlú wa kó já gaara!

Nígbà tí ó jẹun tán, tí ó jáde lọ kí àwọn àgbà ìjọ, mo kọjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Débórà, ẹ gbà?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá Débórà. Bí mo bá ní rárá, wọn á ní mo fẹ́ràn ọmọ ju Olúwa lọ."

"Ta ló fún yín ní ọmọ náà?"

Ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní ilé ìwé òkè dára ju tiwa lọ, pé wọn yóò kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìránṣọ, pé ọmọ náà lè di tíṣà. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn ni ó ká mi lápá kò, nítorí pé èmi fúnra mi kò rí ìwé kà dé ibi tí mo fẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Débórà wọ ọkọ̀ míṣọ́n. Kò sunkún. Ó ṣáà ń wẹ̀yìn, títí àwọn igi ẹ̀gbà etí odò fi bo ọkọ̀ náà mọ́ mi lójú.

Ìyá Sàfú a máa kó ẹja lọ tà ní ọjà òkè. Nígbà tí òjò ọdún náà dáwọ́ dúró, ó ti ọjà dé, kò yà sí ilé ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ó tukọ̀ wá tààrà.

Ó ní, "Ìye Tíṣà, mo rí Débórà."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó le. Ṣùgbọ́n ilé ìwé wo lẹ ní ẹ rán an lọ?"

"Ti míṣọ́n ni."

Ó mi orí. "Mo gba iwájú ilé ìwé náà kọjá nígbà tí àwọn ọmọ ń kàwé lọ́wọ́. Débórà ń pọn omi lọ sí ilé òyìnbó, ó tún gbé ọmọ wọn pọ̀n. Mo pè é, ó ní òun kò gbọdọ̀ dúró."

Ara mi gbóná bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Ọkọ mi wà ní Molutehin, n kò sì dúró dè é. Mo fi àwọn àbúrò Débórà sọ́dọ̀ obìnrin kan nínú àwọn tí mo ń kọ́, Ìyá Sàfú sì gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀. A gba Mahintedo kọjá, a tukọ̀ títí omi fi tán níwájú wa, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Nígbà tí mo dé ọgbà míṣọ́n, àwọn ọmọ ń ka ìwé sókè ní kíláàsì. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo wá orí ọmọ mi láàrin orí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. N kò rí i. Ẹ̀yìn ilé ìdáná Àlùfáà ni mo ti bá a, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù ú lọ ń lọ aṣọ. Àpá iná gígùn kan wà ní apá rẹ̀.

"Kí ló jó ọ?"

"Áyọ́ọ̀nù ni, Ìye. Oorun ló ń kùn mí."

"O ò lọ sí kíláàsì ni?"

"Mo lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Nígbà tó yá, ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn lọ ilé ọkọ, wọ́n ní kí n ṣì máa bá wọn ṣe é ná."

Ìyàwó Àlùfáà gbọ́ ohùn wa, ó jáde. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ugbonla. Mo ní ọmọ mi ni mo wá wò, pé ilé ìwé ni wọ́n sọ fún mi pé ó wà.

Ó ní, "Ó ń kọ́ ìtọ́jú ilé. Ẹ̀kọ́ nìyẹn náà."

"Mo mọ ìtọ́jú ilé, mà. Mo lè kọ́ ọ nílé wa."

Ó wọlé lọ, ó gbé fọ́tò kan jáde. Ọmọ òyìnbó méjì ni, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n wọ bàtà dídán. "Àwọn ọmọ mi àgbà nìyí," ni ó wí. "Wọ́n wà nílé ìwé ní ìlú wa. Ó ti pẹ́ tí mo rí wọn kẹ́yìn. Àwa náà fi tiwa sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fọ́tò náà.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní purọ́. Abiyamọ ni. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè pé, "Àwọn wọ̀nyí, mà, ilé ta ni wọ́n ti ń lọ aṣọ?"

Ojú rẹ̀ pọ́n.  Mo di ẹrù ọmọ mi, mo sì mú un lọ.

Nígbà tí ọkọ mi ti Molutehin dé, ó bá Débórà nílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó di apá ọmọ náà mú, ó ń fi ìka tọ àpá náà, kò sọ̀rọ̀ kankan. Mo bínú sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ju bí mo ṣe bínú sí òyìnbó lọ. Mo rò pé "ẹ ṣeun, sà" ni yóò tún sọ.

Kò pẹ́ tí Àlùfáà Òyìnbó fi dé. Lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo ìjọ, ó ní, "Jòsáyà, ìyàwó rẹ tàbùkù míṣọ́n. Dá ọmọ náà padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ aṣọ katikíìsì sílẹ̀."

Ọkọ mi pe Débórà síwájú. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Ẹ wò ó, sà. Ẹ ní kí n fi ọmọ mi fún Olúwa, mo fi í fún un. Iná ilé yín ni mo rí lára rẹ̀. Iṣẹ́ Olúwa ni mo gbà. N kò gbà láti máa bí ọmọ-ọ̀dọ̀ fún yín."

Ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó ká a dáadáa bí mo ṣe máa ń ká a, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú jáde. Èmi tẹ̀ lé wọn. Orí mi wú.

Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rán katikíìsì mìíràn wá láti òkè. Ó wo ilé orí omi, ó wo ẹ̀fọn, kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tí ó fi ní ìyá òun ń ṣàìsàn, ó sì padà sí òkè. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ àwọ̀n bí àwọn ọkùnrin yòókù, kò sì mọ̀ ọ́n dẹ. Ẹja tí àwọn ènìyàn Ugbonla ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà wa ni a fi ń bọ́ ọmọ. Àwọn obìnrin mi kò dẹ́kun láti máa wá sórí pákó lọ́sàn-án. Débórà jókòó láàrin wọn, ó kàwé títí ó fi ka ohun tí mo mọ̀ tán, ó sì ń kọ́ àwọn tó kéré sí i.

Nígbà tí Àlùfáà yẹn padà sí ìlú rẹ̀, èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní kí Jòsáyà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìsinmi ni ọkọ mi lọ. Kò sí ẹni tí ó ní "ẹ má bínú", títí di òní olónìí. Ọkọ mi gbà, nítorí pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Èmi kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ó sin ìjọ títí irun rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ ìsìn ìdágbére rẹ̀, àlùfáà tí ó wàásù, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, yìn ín gan-an. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń tọ́jú ọmọ, kí katikíìsì lè ráyè ṣiṣẹ́."

Mo dìde. Wọ́n rò pé mo fẹ́ dúpẹ́ ni.

Mo ní, "Bàbá Débórà nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n di ìwé orin mú nínú ilé yìí, èmi ni mo kọ́ wọn ní kíkà. Èmi ni mo gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jókòó yìí. Ẹ pe iṣẹ́ ní iṣẹ́."

Àlùfáà náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà àgbàlagbà ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó, títí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí n tó jókòó.