Ohun Tó Ń Jẹ Egungun Etí Mi

Òórùn etí mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ilé wa ní Ekenwan Road, lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Láti kékeré ni etí ọ̀tún mi ti ń ṣọyún, ìyá mi á kán àdí lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, á fi òwú dí i, a óò sì múra ìjọ. Bó bá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a máa ń dúpẹ́. A ò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lábẹ́nú.

Nígbà tó yá, ìró bẹ̀rẹ̀. Kó, kó, kó, bí ẹni tó ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn nínú orí mi. Mo sọ fún ìyá mi pé, "Mummy, somebody dey knock inside my ear."

"Fi Yorùbá sọ ọ́, kí n gbọ́ ọ yé," ló fèsì.

Mo fi Yorùbá sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú mi lọ bá ìyá ìjọ, àgbà obìnrin tó ń darí àdúrà ní ìjọ aláṣọ funfun tí àwa Yorùbá àdúgbò ń lọ.

"Wọ́n ń pè ọ́ ni, ọmọ mi," ni ìyá ìjọ wí. "Fetí sí i dáadáa."

Mo fi ìka tẹ etí náà kí n lè gbọ́ sí i. Lójijì, gbogbo ilé yí po, àbẹ́là ń sáré kiri lójú mi, mo sì ṣubú lulẹ̀. Ariwo halelúyà sọ. Bí mo ṣe di aríran nìyẹn.

Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Àwọn ọmọ tó ń di imú níwájú mi tẹ́lẹ̀ ló wá ń bá mi gbé Bíbélì. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti tẹ etí, mà á ṣubú, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn kì í sọ̀rọ̀. Mo máa ń bi í pé, "Ta ni?" Á kàn máa kàn án lọ ni.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo ṣubú, n ò lè dìde mọ́. Ẹnu mi ti wọ́ sí apá kan, ojú ọ̀tún ò pa dé. Ìyá ìjọ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ sílé àdúrà fún ọjọ́ méje. Ìyá mi pọ̀n mí, bí mo ṣe tó yẹn, ó ń sunkún lọ sí títì láti wá ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó gbà wá, ọkùnrin ará Èkìtì kan, nàka sí fọ́tò inú orí mi tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà. "Ẹ wò ó, ìyá. Egungun ló yẹ kó wà níbí." Ihò dúdú la rí. Ó ṣàlàyé pé awọ ara ti hù wọ ibi tí kò yẹ kó dé nínú etí, ó sì ń kóra jọ síbẹ̀. Ó ní nínú egungun gbogbo èèyàn, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí ojú lásán ò rí: àwọn kan ń wó egungun tó ti gbó, àwọn kan ń mọ tuntun dípò rẹ̀. Awọ tó ṣìnà yẹn àti ọyún ibẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pe àwọn tó ń wó o, láìdákẹ́. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ egungun, wọ́n á da omi kíkan sí i lára, á sì yọ́. Àwọn tó ń mọ ọ́n ò lè bá wọn. Wọ́n ti jẹ àwọn egungun kéékèèké tó ń gbé ohùn. Wọ́n ti dá ihò lu ibi tó ń jẹ́ kéèyàn lè dúró gbọn-in, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣubú. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ọpọlọ.

"Kòkòrò wo nìyẹn?" ni ìyá mi bi í. "Ta ló fi sí i lára?"

"Èyí tó ń jẹ egungun gan-an kì í ṣe kòkòrò, ìyá. Ara ọmọ yín fúnra rẹ̀ ni."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹnu mi padà sípò, ìró náà dákẹ́, etí ọ̀tún sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ títí dòní. Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Bí mo bá ń di irun fún ọmọbìnrin mi, mo máa ń gbóòórùn etí rẹ̀.

"Mummy, wetin you dey find?" á máa rẹ́rìn-ín.

Mo máa ń ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í bóyá ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn níbẹ̀, ẹ̀rù á sì máa bà mí títí tó fi máa dáhùn.