Ẹ̀gbọ́n Mi àti Bàálù Olówó

Orí ìdúró ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti máa ń jẹun nílé wa ní Òmù-Àrán. Ó ti gbàwé ẹ̀rí awakọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n kò ríṣẹ́. Ló bá ta mọ́tò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi owó rẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù kékeré táwọn olówó ń wọ̀.

“Ta ló ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ?” Bàbá bi í. “Ṣé bàálù ńlá tó ń kó èrò rẹpẹtẹ kò dáa ni?”

“Bàbá, àwọn awakọ̀ tó ń dúró de iṣẹ́ ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n lọ.”

Àmọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ, Bàbá fúnra wọn ló fi ọ̀kadà gbé e dé gáréèjì.

Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ wíwa bàálù olówó náà. Mo pè é láti bá a yọ̀.

“O ṣeun,” ó ní, “àmọ́ mo ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní bàálù tó tóbi ju èyí lọ.”