Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Ọsàn márùn-ún di ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́jà Kofar Doya lọ́sẹ̀ tí wọ́n gé ọmú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi nítorí jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, ọsàn kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí ẹni pé a fẹ́ pàtẹ. Gbogbo àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Sokoto ló ń wá kí i.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà, ọmọbìnrin Hausa kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti kìlọ̀ fún wa. Ó ní oògùn ìrora máa ń mú kí òòyì kọ́ aláìsàn, rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ojú egbò sínú ìgò sì lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kó má sọ̀kalẹ̀ láìpe òun. Bó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ jókòó, kó mí díẹ̀ ná. Ó rẹ bẹ́ẹ̀dì wálẹ̀, ó ní kí n nu ilẹ̀ gbẹ, ó sì ní kí n gbé sílípáàsì tuntun tí mo rà lọ sílé, torí ó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbà kan yọjú. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi ti yọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Òòyì gbé e. Mo gbá a mú lábẹ́ apá òsì, ìgò ẹ̀jẹ̀ ń fì láàárín wa. Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa." Ọmọ dáadáa tó fẹ́ forí gbálẹ̀!

"Kai!" ni nọ́ọ̀sì pariwo. "Ta ló ní kó sọ̀kalẹ̀?"

"Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni," ni mo dáhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin kan ṣubú ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ojú egbò ya, wọ́n tún gbé e padà sí tíátà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu tèmi náà.

Láti ìgbà náà, àgbà tó bá wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń kúnlẹ̀: ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbà á.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Àdínnì mọ́ṣáláṣí wa dé. Ike ni mò ń tà, bútà àti abọ́. Ìyá yìí ló ní kí n bá òun kó ọgọ́ta abọ́ tó fẹ́ pín níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó gbéra. Mo tẹ èjìká òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ìyá ni."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Àdínnì wò wá. "Èmi lẹ ń kí látorí bẹ́ẹ̀dì? Ṣé Sokoto ti gba orúnkún lọ́wọ́ yín ni?"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, mo ti bá wọn kúnlẹ̀ tiwọn."

"Ènì lò ń fún mi? Mo ra ọjà ni?"

"Ìyá, ẹ wo ìgò ẹ̀jẹ̀ yìí. Bó bá já, tí ojú egbò ya, ṣé ẹ̀yin lẹ máa rán an?"

Ẹnu mi yá jù, mo mọ̀. Ìyá yí padà, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Obìnrin tí omijé kò bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àwọn máa gé ọmú rẹ̀, torí ìkíni ló ṣe ń sunkún. Mo ń nu ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, nọ́ọ̀sì di apá òsì rẹ̀ mú, ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa lọ sílé ní Kofar Rini. Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgọ́ta abọ́ Ìyá Àdínnì ti lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Èrè tó bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ó lé ẹgbẹ̀ta náírà.