Kókó Orí Ilé Ẹyin Mi

Ẹyọ kan ló kù fún mi. Ilé ẹyin ni mò ń sọ, ibi tí ẹyin tó ń di ọmọ ti ń jáde lára obìnrin. Méjì ni Ọlọ́run fi sí wa lára, àmọ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀kan nínú tèmi lọ́ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì yọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí oyún mi wọ oṣù kẹfà, tí dókítà yẹ inú mi wò lójú ẹ̀rọ, tó ní òun rí kókó olómi kan lórí èyí tó ṣẹ́kù, inú bí mi. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn: kí ẹ̀rù tó bà mí, inú á ti kọ́kọ́ bí mi. Mo ní, "Kí ló tún ń wá níbẹ̀?" Dókítà rẹ́rìn-ín.

Ìdí ni ọmọ mi kọ sísàlẹ̀ nínú, kò gbà láti yí orí wálẹ̀, a sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Ṣé kí wọ́n kúkú yọ kókó náà nígbà tí inú bá ti là, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀? Dókítà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà oyún, bí òun bá fọwọ́ kàn án tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, òun lè ní láti yọ ilé ẹyin náà mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé ọmọ mìíràn ò sí mọ́. Bí òun bá sì fi í sílẹ̀, ó lè fúnra rẹ̀ gbẹ, ó sì lè lọ́ mọ́ra bíi ti ìjọ́sí, kí wọ́n tún máa la inú mi nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú.

Ọkọ mi ní, "Ohun tó o bá fẹ́ ni mo fẹ́." Ẹ gbọ́ mi, kò sí ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú tó ìyẹn. Mo ní ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ sè ni?

Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Inú ìgboro ni ilé wọn wà, níbi tí bàbá ọkọ mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú, ọmọ kún àgbàlá bámúbámú. Ìyá ní, "Ọmọ kan ò tó, ìyàwó mi." Mo fi sínú. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ọmọ-ọmọ ló ń wá, pé ara tèmi ò kàn án. Mo sọ fún dókítà pé kó yọ ọ́ bó bá rọrùn, kó fi í sílẹ̀ bí kò bá rọrùn.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Nígbà tá a fi máa ti ilé wa ní Adéwọlé débẹ̀, Ìyá ti ń dúró dè wá lẹ́nu wọ́ọ̀dù, ó mú hàǹtú, omi àdúà, dání nínú ìgò. Bàbá fúnra wọn ló kọ ẹsẹ Kùránì sórí pátákó wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, wọ́n sì da oyin sí i. "Bìsìmílà, mu ún tán." Mo mu ún tán. Kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi rárá pé mo mu nǹkan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti jẹ tàbí mo ti mu, mo ní rárá, wàláhì. Ìyá tún fi ayọ̀ kín mi lẹ́yìn: "Kò jẹ nǹkan kan o. Àdúà nìkan ló mu."

Nọ́ọ̀sì dúró. "Àdúà wo la máa ń mu, Alájà?"

Ó parí! Dókítà tó máa fún mi lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ ká mọ ìrora sọ pé nígbà tí mo ti mu odindi ìgò, tòun toyin, òun ò ní fọwọ́ kàn mí báyìí, torí bí mo bá bì nígbà iṣẹ́, ó lè gba ọ̀nà èémí mi lọ. Wọ́n sún mi di ọ̀sán. Mo kọjú sí ògiri.

Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa tẹ̀súbáà. Nígbà tó yá, ó ní, "Má bínú sí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ọmọ-ọmọ," ni mo ní. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Kò bínú. Ó ní, "Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, wọ́n gbé àbúrò mi obìnrin wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé ọmọ tán, wọ́n ní àwọn tún rí nǹkan míì, àwọn máa yọ ọ́. Ọmọ nìkan ni wọ́n gbé fún wa." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ní ọmọ kan ò tó, torí mi ò lè la ẹnu mi sọ irú ẹ̀rù tó ń bà mí fún aboyún. Ìwọ ni mo fẹ́ mú lọlé."

Súbúhánàlláhì. Mo ti bá ìyá yìí jà nínú ọkàn mi láti oṣù bíi mélòó! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ sí, nítorí náà ojú mi là kedere. Mo gbọ́ igbe ọmọ mi obìnrin. Wọ́n gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó gbóná, ó rọ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà gbójú sókè. Ó ní, "Màmá, kókó náà ti fúnra rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo lè máa gbìyànjú láti dá ilé ẹyin náà sí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yín ń lọ."

Mo rò ó bí mo ṣe sùn síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ n lọlé." Ẹkún sì gbà mí, mo sunkún àwọn tí mi ò ní bí mọ́, ọmọbìnrin mi náà ń sunkún tiẹ̀ lápá kejì yàrá.

Nígbà tí wọ́n tì mí jáde, nọ́ọ̀sì na ọmọ sí Ìyá, ó ní, "Alájà, ẹ gba ọmọ-ọmọ yín." Ìyá ní kó gbé e fún bàbá ẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú ọmọ náà. Ó kọjá sídìí bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ mi tó tutù mú, ó ń ra á.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n ti yọ gbogbo ẹ̀."

Ó ní, "Ṣebí o jáde."