Fìríìsà Tí Ojú Ìwé Kò Mọ̀

Màmá Sáfà ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní ilé ìpamọ́ oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bójú tó ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àwọn fìríìsà àti ẹ̀rọ mìíràn, tó sì máa ń pe fóònù rẹ̀ bí fìríìsà kan bá ti ń gbóná. Ọ̀gá ti sọ ọ́ ketekete pé ẹni tó bá jẹ́ kí oògùn bàjẹ́ á lọ sílé.

Ètò náà kì í dá ronú. Fáìlì kan ló ń kà. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Orí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń to orúkọ ohun tó yẹ kó ṣọ́. Tí èèyàn bá tò ó tán, tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ojú ìwé á pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, á fi kìkì ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ tuntun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fìríìsà tuntun dé, ojú ìwé náà kọ̀, kò ṣí, oògùn sì ti wà nílẹ̀. Màmá Sáfà bá ṣí fáìlì fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ kọ fìríìsà náà sí i. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ rán an lọ sí ẹ̀ka kejì, ó kìlọ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fà wọ ilé iṣẹ́ náà tó sì kọ́ níṣẹ́, pé kó má tẹ bọ́tìnnì náà títí òun á fi dé. Adúmáadán ló máa ń pè é. Adúmáadán ní òun ti gbọ́.

Kò pẹ́ tí ojú ìwé tún ṣí. Adúmáadán yọ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti kú kúrò níbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Bí fìríìsà tuntun ṣe pòórá nínú fáìlì nìyẹn. Nígbà tí fìríìsà náà daṣẹ́ sílẹ̀, fóònù ẹnikẹ́ni ò dún. Gbogbo oògùn inú rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì. Ó ní ta ló kọ fìríìsà síbi tí ojú ìwé ò lè rí i. Màmá Sáfà ní òun ni, ó sì yíjú sí àna rẹ̀.

"Adúmáadán, ṣé mi ò sọ fún yín ni?"

"Ìyàwó mi, ìgbà wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Ẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́."

"Búrẹ́dì yẹn ni mo rántí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó gbé iṣẹ́ náà fún Adúmáadán, ó ní kí Màmá Sáfà kọ́ ọ ní èyí tó kù kó tó máa lọ sílé, kó sì fi nọ́ńbà Adúmáadán rọ́pò tara rẹ̀ tí ètò náà ń pè. Adúmáadán dúró sẹ́yìn àga Màmá Sáfà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà náà.

"Rọra o, ìyàwó mi. Má tún lọ fọwọ́ kọ ọ́."

Kí Màmá Sáfà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún àbúrò rẹ̀. Kò béèrè ti ìyàwó rẹ̀. Ó kàn bi í bóyá ó ti kí àbúrò òun kú oríire.